Ajílẹ̀ Inú Ìgò àti Ajílẹ̀ Inú Àpò: Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Nípa Ajílẹ̀ Nánò



Ìlera kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò ọbẹ̀. Inú ilẹ̀ tí a gbin oúnjẹ sí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ bá fi bọ́ ilẹ̀ ni ilẹ̀ yóò fi bọ́ wa. Ohun tó bá sì fín sára ewé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi imú fà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ wá sí abala ìlera àti ìmọ́tótó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní oko. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó ń tajà nígboro pàápàá máa ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tàbí ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé owó àpò ajílẹ̀ kan kì í ṣe owó kékeré mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ìgò kékeré kan dání, tó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ tó iṣẹ́ odidi àpò kan ṣe, etí wa yóò ṣí. Ajílẹ̀ nánò ni wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Íńdíà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbilẹ̀ jù, ibẹ̀ sì ni a ó ti mú ẹ̀kọ́ wa.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kọ́: kí ni ajílẹ̀ yìí? Ṣé ó lè ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe? Bí a bá sì fẹ́ lò ó, báwo la ṣe máa dáàbò bo ara wa, omi wa àti oúnjẹ wa?

Kí ni nánò?

Mítà kan gùn díẹ̀ ju ọ̀pá aṣọ kan lọ. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìpín kan nínú rẹ̀ ni mìlímítà, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń rí lára rúlà wọn. Bí a bá tún mú mìlímítà kan ṣoṣo yẹn, tí a pín òun náà sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Irun orí ẹyọ kan nípọn tó nǹkan bíi 80,000 nánómítà. Èérún nánò ni àwọn onímọ̀ ń pe èérún tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín nánómítà 1 sí 100. Ojú lásán kò lè rí i.

Kí ló dé tí kíkéré yìí fi ṣe pàtàkì? Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ṣe èlùbọ́ mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Bí a bá ju gbodo kan sínú omi, yóò pẹ́ kó tó rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ gbodo kan náà kúnná, tí a sì dà á sínú omi gbígbóná, kíá ló di àmàlà. Iṣu kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lílọ̀ ti mú kí ibi tí omi ti lè kàn án pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni èròjà tí wọ́n bá lọ̀ dé ìwọ̀n nánò. Ó ń tètè yọ́, ó ń tètè lẹ̀ mọ́ nǹkan, ó sì lè gba ojú ihò tí èyí tó tóbi jù ú lọ kò lè gbà.

Ẹ rántí ohun kan sí i nípa èlùbọ́. Gbodo kì í múni sín. Èlùbọ́ tí a ń kù ló ń múni sín, nítorí pé ohun tó kúnná ló ń fẹ́ wọ imú. Ohun tó mú kí èérún nánò wúlò fún ewé kan náà ló mú kó yẹ kí a ṣọ́ra fún un. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi wá ajílẹ̀ yìí

Èrò rere ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ajílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ jù ni yùríà, èyí tó funfun bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké. Ohun tí a ń wá nínú rẹ̀ ni náítírójìn, tí ohun ọ̀gbìn fi ń yọ ewé tútù, tó sì fi ń ṣe purotéènì sínú hóró. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá yùríà, ìdá 46 ni náítírójìn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá dà sílẹ̀ ni gbòǹgbò ń gbà. Bí a bá fọ́n yùríà sórí ilẹ̀ láìbò ó, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò di afẹ́fẹ́ amóníà, yóò sì fò lọ. Bí òjò ńlá bá sì dé, díẹ̀ yóò di náítíréètì, yóò bá omi wọlẹ̀ lọ sínú kànga àti odò. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, náítírójìn tó ń wọ inú ohun ọ̀gbìn oníhóró kò tó ìdajì èyí tí àgbẹ̀ rà.

Ọ̀rọ̀ owó ni èyí, ọ̀rọ̀ ìlera sì ni pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé náítíréètì inú omi mímu kò gbọ́dọ̀ ju mìlígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Àwọn tí àpọ̀jù rẹ̀ ń ṣe ní jàǹbá jù ni àwọn ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń fi omi kànga po mílíìkì fún. Ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ má lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́ bó ṣe yẹ. Dókítà Hunter Comly ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú àìsàn yìí ní ọdún 1945, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ìdílé àgbẹ̀ ti ń mu omi kànga. Ara ọmọ náà máa ń yí padà sí àwọ̀ eérú tàbí búlúù. Lára ọmọ dúdú, ètè, èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ ni kí a wò. Bí a bá rí i, ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọmọ lọ kíákíá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀: bíbọ omi kì í lé náítíréètì lọ. Bíbọ omi ń pa kòkòrò àrùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń gbẹ lórí iná, ńṣe ni náítíréètì ń ki sí i nínú èyí tó kù. Omi kànga tó wà nítòsí oko tí wọ́n ń da ajílẹ̀ sí tàbí nítòsí ṣáláńgá kò yẹ fún mílíìkì ọmọ. Ọmú ìyá ló dára jù fún ọmọ náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá lè ṣe ajílẹ̀ tí díẹ̀ rẹ̀ yóò tó, tí kò ní ṣòfò sínú kànga, ti ṣe ohun ńlá. Ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ajílẹ̀ nánò ṣe nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńlá kan wà ní Íńdíà tí àwọn àgbẹ̀ dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. IFFCO ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2021 ni ẹgbẹ́ yìí gbé yùríà nánò jáde nínú ìgò mìlílítà 500. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, olórí ìjọba orílẹ̀-èdè náà, Narendra Modi, ṣí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní Kalol ní ìpínlẹ̀ Gujarat. Ní ọdún 2023, wọ́n gbé DAP nánò jáde, èyí tó ní náítírójìn àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì.

Ohun tí wọ́n sọ fún àgbẹ̀ ni pé ìgò kan lè dípò àpò yùríà kan tó jẹ́ kílò 45. Kí àgbẹ̀ po mìlílítà 2 sí 4 mọ́ lítà omi kan, kí ó fín in sára ewé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ti dán an wò lóko àwọn àgbẹ̀ tó lé ní 11,000, àti pé ìkórè fi nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn béèrè ẹ̀rí. Ní ọdún 2023, Max Frank àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Søren Husted, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ ohun ọ̀gbìn ní Yunifásítì Copenhagen ní orílẹ̀-èdè Denmark, kọ̀wé pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó fìdí ohun tí wọ́n ń sọ múlẹ̀. Nínú Íńdíà fúnra rẹ̀, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Punjab ní Ludhiana fi ọdún méjì dán an wò. Wọ́n dín yùríà kù, wọ́n sì fi ti inú ìgò rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í wé oko tó gba yùríà tó pé, ìkórè ìrẹsì fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ti àlìkámà sì fi nǹkan bí ìdá 21 dín kù. Purotéènì inú hóró náà sì já wálẹ̀. Ẹ fiyè sí èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ̀yin tí ìlera jẹ lógún. Hóró lè kún àpò, kí oúnjẹ inú rẹ̀ má kún.

A kò sọ èyí láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tí olùtajà sọ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn mìíràn rí nínú oko. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, òṣùwọ̀n ló yẹ kí a bi léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n

Ẹ̀sìn wa kórìíra òṣùwọ̀n èké, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìṣirò ṣòro fún Mùsùlùmí. Ìṣirò tó wà níbí kò ju ti ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.

Àpò yùríà tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà jẹ́ kílò 50. Ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, ìyẹn kílò 23.

Ìgò mìlílítà 500, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, ní náítírójìn tó jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Gíráàmù 20 nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kó tó ṣíbí ìmùkọ méjì iyọ̀.

Kílò 23 jẹ́ gíráàmù 23,000. Bí a bá fi 20 pín in, a ó rí 1,150. Ìyẹn ni pé ìgò 1,150 ló ní náítírójìn tó wà nínú àpò kan. Nígbà tó di ọdún 2024, wọ́n gbé irú mìíràn jáde tó ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 100 nínú ìgò. Síbẹ̀, ìgò 230 ni yóò bá àpò kan dọ́gba.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ti inú àpò ń ṣòfò, ti inú ìgò kì í ṣòfò.” Ó dára, ẹ jẹ́ kí a gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí a ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò náà ṣòfò pátápátá, kí ó sì jẹ́ pé gbogbo gíráàmù 20 inú ìgò ló wọ inú ewé láìku ẹyọ kan. Ohun tí yóò kù nínú ti àpò ṣì jẹ́ kílò 5.75, ìyẹn gíráàmù 5,750. Ó ṣì fi ìlọ́po tó lé ní 280 ju ti inú ìgò lọ.

Ẹ wá wo ohun tí àgbàdo ń kó lọ. Hóró àgbàdo gbígbẹ ní náítírójìn tó tó nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá kórè tọ́ọ̀nù 3 lórí hẹ́kítà kan, nǹkan bíi kílò 45 náítírójìn ló bá hóró jáde kúrò nínú oko. Níbo ni gíráàmù 20 ti fẹ́ rí èyí san? Bí àgbàdo bá ṣì dára lọ́dún àkọ́kọ́, inú ilẹ̀ ló ti yá a. Ilẹ̀ tí a ń yá lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kì í san án padà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò ṣá.

Ohun tó wà nínú ewu nìyí. Ẹni tó bá fi gbogbo owó ajílẹ̀ rẹ̀ ra ìgò, tí kò sì fi nǹkan mìíràn sílẹ̀, lè rí ewé tútù fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì rí ṣíírí àgbàdo tín-ín-rín nígbà ìkórè. Owó iléèwé ọmọ, oúnjẹ ilé àti sàká irè oko ni ìkórè yẹn. Ní ọdún 2021, ìjọba orílẹ̀-èdè Sri Lanka fòfin de kíkó ajílẹ̀ oníkẹ́míkà wọlé. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó náítírójìn nánò olómi wọlé láti Íńdíà. Wọ́n fagi lé òfin náà ní oṣù Kọkànlá, àmọ́ ó ti pẹ́ fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, ìkórè ìrẹsì sì já wálẹ̀ gan-an ní sáà yẹn. Ohun ọ̀gbìn kì í gbọ́ àwáwí. Ohun tó bá jẹ ló ń mú jáde.

Síǹkì: ibi tí ìrètí wà

Ṣé ohun tí a ń sọ ni pé ajílẹ̀ nánò kò wúlò rárá? Rárá o. Ohun ọ̀gbìn nílò oúnjẹ oríṣi méjì. Àwọn kan wà tó ń jẹ ní kílò-kílò: náítírójìn, fọsifọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù. Àwọn mìíràn wà tó ń jẹ ní gíráàmù: síǹkì, irin, bàbà, bórọ́ọ̀nù. Ewé lè gba díẹ̀díẹ̀ lára ohun tí a bá fín sí i, láti ojú ihò kéékèèké tó fi ń mí àti láti ara awọ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ yìí kò tó fún àwọn oníkílò. Ó lè tó fún àwọn onígíráàmù. Níbí ni iṣẹ́ nánò ti ní ìrètí jù.

Síǹkì sì kan ìlera wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìlú Shiraz ní orílẹ̀-èdè Iran, dókítà kan tó ń jẹ́ Ananda Prasad rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé tí wọ́n ti dàgbà lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tí ara wọn ṣì dà bíi ti ọmọdé. Búrẹ́dì ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, ẹran kò sì sí níbẹ̀ tó nǹkan. Ó kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1961. Lẹ́yìn náà, ní Íjíbítì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé síǹkì kò tó lára irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní síǹkì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ UNICEF ní kí wọ́n máa fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru ní síǹkì fún ọjọ́ 10 sí 14, pẹ̀lú omi iyọ̀ oníṣúgà. Èyí jẹ́ oògùn tí ilé ìwòsàn ń fúnni. Síǹkì inú ajílẹ̀ kì í ṣe oògùn, a kò sì gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní i láéláé.

Ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, ní àárín gbùngbùn Anatolia, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ismail Cakmak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní àwọn ọdún 1990 pé àìtó síǹkì nínú ilẹ̀ ló ń pa àlìkámà lára. Nígbà tí wọ́n fi síǹkì kún ajílẹ̀, ìkórè pọ̀ sí i, síǹkì inú ọkà náà sì pọ̀ sí i. Síǹkì súlúféètì lásán, èyí tí kì í ṣe nánò, ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí. Síǹkì nánò pàápàá, bó bá dé inú ilẹ̀, ńṣe ló ń yọ́, síǹkì tó yọ́ yìí náà sì ni gbòǹgbò ń gbà. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá èyí tó pọ́ọ́kú yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí síǹkì bá sì pọ̀ jù, májèlé ló ń dà fún ohun ọ̀gbìn.

Ìlera ẹni tó ń fín in

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sórí èlùbọ́ tó ń múni sín. Ọlọ́hun dá irun àti ikun sí imú wa láti dá eruku dúró. Eruku tó tóbi ń há síbẹ̀, a ó sín, yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n èérún tó kéré gan-an lè kọjá imú àti ọ̀nà ọ̀fun, kí ó dé àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́.

Àwọn wẹ́dà mọ ohun tí èyí lè fà. Páànù àti páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò máa ń tú èéfín funfun jáde bí wọ́n bá ń jó o. Èérún síǹkì tó kéré gan-an ló wà nínú èéfín náà. Ẹni tó bá fa púpọ̀ nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ibà, òtútù àti ara ríro ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àmọ́ ìkìlọ̀ ni. Síǹkì tí ara nílò láti ẹnu, ẹ̀dọ̀fóró kò fẹ́ ẹ láti imú.

Àwọn kan tún máa ń fi fàdákà nánò tàbí títáníọ̀mù nánò sínú ohun tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀. Fàdákà kì í ṣe oúnjẹ ohun ọ̀gbìn. Kòkòrò kéékèèké ló ń pa, kì í sì í mọ èyí tó ń ṣe ilẹ̀ lóore yàtọ̀. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, ka eruku títáníọ̀mù dàíọ́sáìdì tí a ń fi imú fà mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn náà. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì fòfin dè é nínú oúnjẹ ní ọdún 2022.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fín ajílẹ̀ nánò, tàbí ajílẹ̀ olómi èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé àwọn ìlànà yìí:

1. Ẹ ra èyí tó jẹ́ olómi dípò èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú. Ìgbà tí a bá ń ṣí lẹ́búlẹ́bú tí a sì ń pò ó ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

2. Ẹ lo ìbòmú N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Aṣọ tí a fi dí imú kò lè dá èérún tó kéré báyìí dúró.

3. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò.

4. Ẹ fín in ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí atẹ́gùn kò bá fẹ́ púpọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn kọ atẹ́gùn, kí ó má baà dà padà sójú yín.

5. Ẹ má ṣe jẹun, ẹ má ṣe mu omi, ẹ má sì ṣe jẹ obì títí ẹ ó fi fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú.

6. Ẹ wẹ̀ bí ẹ bá ti dé ilé, kí ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ fọ aṣọ oko lọ́tọ̀, ẹ má pò ó mọ́ aṣọ ilé àti aṣọ ìrun.

7. Kí aláboyún, ọmọdé àti ẹni tó ní ikọ́ fée má ṣe wà nítòsí.

Omi wa àti oúnjẹ wa

Ẹ má ṣe fi bùtà àlùwàlá, ife ìmumi tàbí ìkòkò ilé wọn ajílẹ̀. Ẹ ya ohun tí ẹ ó fi máa wọ̀n ọ́n sọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ sí i lára, ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí. Ìgò tí ajílẹ̀ ti tán nínú rẹ̀ kì í ṣe ìgò epo, sobo tàbí omi. Ẹ lu ú nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò.

Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi fín ajílẹ̀ nínú odò tàbí létí kànga. Omi tí ẹ dà sílẹ̀ lónìí ni ẹlòmíràn yóò fi ṣe àlùwàlá lọ́la, tí yóò sì bù mu. Inú oko ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kí ẹ sì da omi rẹ̀ sórí ohun ọ̀gbìn tí ẹ fín.

Ní ti oúnjẹ, ẹ ya ohun tí a ń jẹ hóró rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń jẹ ewé rẹ̀. Háhá bo àgbàdo, èèpo bo ìrẹsì. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ewúro, ibi tí a fín ajílẹ̀ sí gan-an la ń jẹ. Omi lè ṣan ohun tó wà lójú ewé, kò lè fọ ohun tó ti wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ní tiwa o, a kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fín èròjà nánò sára ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ já láìpẹ́. Ìgbẹ́ adìẹ tí a ti rà mọ́ ilẹ̀ tí ó sì ti jẹrà dáadáa, àti ewé gbígbẹ, tó fún ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé.

Bí a ṣe lè dán an wò

Bí olùtajà bá wá, ẹ má lé e, ẹ má sì kó gbogbo owó fún un. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: èròjà wo ló wà nínú rẹ̀, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún, ta ló sì fún un láyè láti tà á? Nàìjíríà ní òfin láti ọdún 2019 tó ń ṣàkóso bí ajílẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ dára tó, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ló sì wà nídìí rẹ̀. Ìgò tí kò bá ní àkọlé èròjà àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹ má fi owó yín rà á.

Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá ibi kékeré kan nínú oko. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ebè mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ fún ti àkọ́kọ́ ní ajílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ fún ti èkejì ní ìdajì rẹ̀, kí ẹ sì fín ti inú ìgò sí i. Ẹ fún ti ẹ̀kẹta ní ìdajì nìkan, láìfín nǹkan kan sí i. Kí irúgbìn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọjọ́ gbígbìn àti ọjọ́ ríro jẹ́ ọ̀kan náà.

Ti ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, òun gan-an sì ni ẹlẹ́rìí. Bí ti èkejì bá ju ti ẹ̀kẹta lọ dáadáa, ìgò náà ṣe nǹkan. Bí méjèèjì bá dọ́gba, bí omi lásán ló rí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì dọ́gba, ilẹ̀ yín ṣì ní oúnjẹ tó kù nínú rẹ̀ ni, ẹ kò tíì lè fi dá ìgò náà láre tàbí lẹ́bi. Ẹ má fi ojú wọn ewé. Ẹ sá hóró kí ó gbẹ, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́dún kejì kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ̀sìn wa kò ní kí á sá fún ìmọ̀ tuntun, kò sì ní kí á gba ohun gbogbo gbọ́ láìwádìí. Ara wa, ilẹ̀ wa àti omi tí a jọ ń mu jẹ́ àmáànà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá wọn nǹkan kí ó tó rà á, tó sì dí imú kí ó tó fín in, ti ṣọ́ àmáànà rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí èlùbọ́ fi ń tètè di àmàlà ju gbodo lọ, kí sì ni èyí kọ́ wa nípa èérún nánò?

2. Àpò NPK 15-15-15 jẹ́ kílò 50. Kílò náítírójìn mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ìgò mìlílítà 500 mélòó, tí gíráàmù 20 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni yóò bá a dọ́gba?

3. Kí ló dé tí bíbọ omi kò fi lè yọ náítíréètì kúrò?

4. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí a fi dánwò, kí ni iṣẹ́ èyí tó gba ìdajì ajílẹ̀ nìkan?

5. Níbo ni ẹ ń kó ajílẹ̀ àti oògùn oko pamọ́ sí nílé yín? Ṣé ọwọ́ ọmọ lè tó o?

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa, kí Ó sì fún wa ní oúnjẹ tó dára àti àlàáfíà láti jẹ ẹ́. Àmín.